Ihò kékeré inú ọkàn: Ta ló yẹ kó sanwó láti dí i?

Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2006, ni wọ́n dá fún Ariel Sharon, ẹni tó jẹ́ olórí ìjọba Ísírẹ́lì nígbà náà, pé kó padà wá sí ọsibítù kí àwọn dókítà lè bá a dí ihò kékeré kan tí wọ́n rí nínú ọkàn rẹ̀. Nínú oṣù Disẹ́ńbà ọdún 2005, àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọ́kọ́ kọ lù ú, ṣùgbọ́n èyí kò le, kò sì pẹ́ tó fi padà sílé. Àwọn dókítà ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú ihò yẹn ni ẹ̀jẹ̀ dídì gbà dé ọpọlọ rẹ̀, wọ́n sì ń fún un lóògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì títí ọjọ́ tí wọ́n dá yóò fi pé. Ọjọ́ náà kò bá a lórí ìdúró. Nígbà tó ku ọ̀la ni ẹ̀jẹ̀ ya nínú ọpọlọ bàbá ẹni ọdún 77 náà, kò sì tún mọ ara rẹ̀ mọ́ títí tó fi kú ní oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2014.

Àríyànjiyàn pọ̀ lórí oògùn tí wọ́n fún un yẹn nígbà náà, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì gbọ́ kò ju pé wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún Sharon ni ikú fẹ́ já a gbà. Àwọn tó ń fi ohun èlò ìwòsàn ṣòwò gbọ́ nǹkan mìíràn. Wọ́n gbọ́ pé ihò kan wà nínú ọkàn tó ṣeé dí, pé olórí ìjọba odidi orílẹ̀-èdè kan ti fẹ́ dí tiẹ̀, àti pé àwọn gan-an ló ń ta ohun tí wọ́n fi ń dí i. Owó tó ti wọ inú ọjà yìí kì í ṣe kékeré. Ilé-iṣẹ́ kan ti là nínú ẹ̀, òmíràn ti kógbá wọlé, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ dáhùn, ẹ̀yìn gbogbo ẹ̀ ni ìdáhùn rẹ̀ tó dé: ta gan-an ni dídí ihò yìí wúlò fún?

Gbogbo ọmọ tó wà nínú ìyá rẹ̀ ló ní ihò náà. Ọmọ inú oyún kì í mí, ara ìyá rẹ̀ ló ti ń rí atẹ́gùn gbà, ìdí nìyẹn tí Ẹlẹ́dàá fi ṣí ọ̀nà àbùjá kan sílẹ̀ láàárín yàrá òkè apá ọ̀tún àti yàrá òkè apá òsì ọkàn rẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ má baà máa yí gba inú ẹ̀dọ̀fóró tí kò tíì ṣiṣẹ́. Tí wọ́n bá bí ọmọ náà tó sì ké, ẹ̀dọ̀fóró á ṣí, ilẹ̀kùn àbùjá yẹn á padé, nígbà tó bá yá á lẹ̀ pọ̀ pátápátá. Ṣùgbọ́n nínú èèyàn mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹnì kan wà tí ilẹ̀kùn tiẹ̀ kì í lẹ̀ tán. PFO ni àwọn dókítà ń pè é. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbé e kiri, tí wọ́n ń jẹ, tí wọ́n ń mu, tí wọ́n bímọ, tí wọ́n dàgbà darúgbó, tí wọ́n sì kú láì mọ̀ pé nǹkan kan wà nínú ọkàn àwọn.

Ibi tí wàhálà ti ń wá ni pé ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀. Tó bá gòkè dé ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró ló yẹ kó dá a dúró, bí asẹ́ ṣe ń dá èèrí ògì dúró. Ṣùgbọ́n tí ilẹ̀kùn àbùjá bá ṣí sílẹ̀, èyí tó dì náà lè gba ibẹ̀ bọ́ sí apá òsì, kó sì di inú ọpọlọ. Bí wọ́n ṣe ń mọ̀ bóyá ẹnì kan ní ihò náà kò le: wọn á mi omi iyọ̀ títí tí yóò fi hó, wọn á fi abẹ́rẹ́ tì í sínú iṣan apá onítọ̀hún, wọn á sì máa fi ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara wo ọkàn rẹ̀. Tí ìfófòó bá yọ ní apá òsì, ọ̀nà wà níbẹ̀ nìyẹn.

Dídí i náà kò gba kí wọ́n la àyà èèyàn. Rọ́bà tín-ín-rín kan ni wọ́n ń tì gba inú iṣan ńlá orí itan lọ sínú ọkàn. Inú rọ́bà yìí ni ìdérí náà ká pọ̀ sí bí agbòjò tí wọ́n pa dé. Tó bá dé ojú ihò, wọn á tì í jáde, ìdajì rẹ̀ á ṣí pẹrẹsẹ ní apá òsì, ìdajì kejì á ṣí ní apá ọ̀tún, àwọn méjèèjì á sì há ògiri ọkàn náà mọ́ àárín bí ìgbà tí wọ́n fi bọ́tìnnì méjì há aṣọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ṣe é fún ló ń sun ilé wọn ní ọjọ́ kejì. Tó bá yá, ẹran ara á hù bo ìdérí náà, ibẹ̀ ni yóò sì wà títí ayé.

Nǹkan tó yá báyìí, tó sì jẹ́ pé ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo èèyàn tó wà láyé ló ní ihò tó máa dí, oníṣòwò wo ló máa rí i tí ojú rẹ̀ kò ní wọ̀ ọ́?

Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, kí ilé-iṣẹ́ kan tó lè ta irú ohun èlò báyìí, tí wọ́n máa fi sínú ara èèyàn tí yóò sì máa gbé ibẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kó ẹ̀rí lọ síwájú FDA, ìyẹn àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kékeré kan wà lẹ́yìn ilé náà. Lábẹ́ òfin ìgbà náà, tó bá jẹ́ pé àìsàn tí ohun èlò náà wà fún kì í ṣe ju 4,000 èèyàn lọ lọ́dún kan ní gbogbo Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ náà lè máa tà á láì tíì fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́, kó sáà ti jọ pé àǹfààní rẹ̀ ju ewu rẹ̀ lọ. Ọ̀nà yìí ni NMT Medical ti ìlú Boston gbà gbé ìdérí tiwọn tí wọ́n ń pè ní CardioSEAL wọjà lọ́dún 2000. AGA Medical, tí dókítà ayàwòrán inú ara kan tó ń jẹ́ Kurt Amplatz àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Minnesota, gba ibẹ̀ lọ́dún 2002 pẹ̀lú Amplatzer. Àwọn tí rọpárọsẹ̀ ti padà kọ lù nígbà tí wọ́n ṣì ń lo oògùn lọ́wọ́ ni wọ́n ní kí wọ́n máa tà á fún.

Ẹni tó bá mọ ọjà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò lè mọ níbẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2006, FDA fúnra wọn ti rí i pé àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn ti ju 4,000 lọ lọ́dún, ni ilé-iṣẹ́ méjèèjì bá dá àṣẹ náà padà. Ṣé àwọn dókítà wá jáwọ́ ni? Rárá o. Ìdérí mìíràn wà lórí àtẹ tó jẹ́ pé ihò ọkàn tí wọ́n bí mọ́ ọmọdé ni wọ́n ṣe é fún, òfin kò sì ní kí dókítà má lò ó síbòmíràn. Èyí ni wọ́n ń lò. Láàárín ìgbà yẹn ni gbajúmọ̀ eléré bọ́ọ̀lù alágbára Amẹ́ríkà kan, Tedy Bruschi ti New England Patriots, ti ní rọpárọsẹ̀ tirẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2005, wọ́n dí ihò inú ọkàn rẹ̀, nígbà tó sì di oṣù kẹwàá ọdún kan náà ó ti padà sórí pápá. Irú ìpolówó ọjà bẹ́ẹ̀, kò sí iye owó tí wọ́n lè fi rà á.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ oníṣòwò yìí gan-an ló ti bà jẹ́ fún aláìsàn. Látọdún 2003 ni ilé-iṣẹ́ méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò tí FDA ń béèrè. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọn á kó àwọn tí rọpárọsẹ̀ ti ṣe rí tí wọ́n sì ní ihò náà jọ, wọn á ṣẹ́ gègé, wọn á dí ti àwọn kan, wọn á fún àwọn yòókù lóògùn nìkan, wọn á sì máa wo ẹni tí àìsàn yóò padà kọ lù. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ kí wọ́n ṣẹ́ gègé lé òun lórí, nígbà tó jẹ́ pé ọsibítù tó wà ní òdìkejì títì lè dí i fún un lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀? Nǹkan bí ọdún márùn-ún ni NMT fi wá èèyàn 909. AGA lo ọdún mẹ́jọ kí wọ́n tó rí 980. Nínú orílẹ̀-èdè tó jẹ́ pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ni wọ́n ń dí tiwọn lọ́dọọdún! Àwọn tí ara wọn ì bá fi ìdáhùn hàn fún gbogbo ayé, wọ́n ti gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lọ, wọ́n sì gbé ìdáhùn náà dání lọ.

Nígbà tí àbájáde ti NMT jáde lọ́dún 2010, kò dára fún wọn. Lẹ́yìn ọdún méjì, ìdá 5.5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n dí tiwọn ni nǹkan burúkú tí wọ́n ń ṣọ́ náà ṣẹlẹ̀ sí, ti àwọn tó lo oògùn sì jẹ́ 6.8. Ìyàtọ̀ yìí kéré débi pé ó lè jẹ́ àkọsẹ̀bá lásán. Lọ́wọ́ kejì, ìdá 5.7 nínú àwọn tí wọ́n dí tiwọn ni ọkàn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lù ségesège, tó sì jẹ́ pé èyí tó ṣe bẹ́ẹ̀ nínú àwọn olóògùn kò pé ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Oṣù kẹrin ọdún 2011, NMT Medical ti kógbá wọlé.

Kí wọ́n tó kógbá wọlé ṣá, wọ́n ti fa dókítà ọkàn kan lọ sílé ẹjọ́ ní London. Peter Wilmshurst lorúkọ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ti gbìyànjú láti mọ̀ bóyá dídí ihò yìí lè wo ẹ̀fọ́rí túúlu, torí ọjà ẹ̀fọ́rí gbòòrò ju ti rọpárọsẹ̀ lọ fíìfíì. Wọ́n fi èèyàn 147 dán an wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni mẹ́ta ni ẹ̀fọ́rí lọ fún pátápátá nínú àwọn tí wọ́n dí tiwọn, ẹni mẹ́ta náà ló sì lọ fún nínú àwọn tí wọn kò dí tiwọn. Wilmshurst wà lára àwọn tó darí ìdánwò ọ̀hún. Nígbà tó sọ ní ìpàdé kan ní ìlú Washington lọ́dún 2007 pé bí wọ́n ṣe ròyìn rẹ̀ kò tẹ́ òun lọ́rùn, wọ́n ní ó ba àwọn lórúkọ jẹ́. Ọdún bíi mẹ́ta àbọ̀ ló fi ń bá wọn fa ẹjọ́ náà, ìgbà tí ilé-iṣẹ́ náà kú ni ẹjọ́ tó kú. Òfin ìbanilórúkọjẹ́ tuntun tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2013, tó ń dáàbò bo ohun tí àwọn onímọ̀ bá kọ sínú ìwé ìmọ̀ wọn, irú ẹjọ́ báyìí wà lára ohun tó bí i. Ilé-iṣẹ́ tó ní ọjà tó dára kì í sáré wá lọ́yà sí ẹni tó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wo ìwé ìṣirò. Ó ṣeni láàánú pé àwọn tó ra ìpín ìdókòwò NMT kò ka ẹjọ́ yẹn sí àmì nígbà náà.

Ti AGA yàtọ̀. Lọ́dún 2010 ni St. Jude Medical ṣàdéhùn láti rà wọ́n ní iye tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là, ìgbà tó sì di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, Abbott ra St. Jude fúnra rẹ̀ ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 25 dọ́là. Ìdérí kékeré yìí nìkan kọ́ ni wọ́n rà, ọjà St. Jude pọ̀, ṣùgbọ́n ó wà nínú ẹrù náà. Ohun tó gbà wọ́n là ni sùúrù. Nígbà tí àbájáde ìdánwò tiwọn kọ́kọ́ jáde lọ́dún 2013, òun náà kò fi bẹ́ẹ̀ dájú. Wọn kò jáwọ́, wọ́n tún ń ṣọ́ àwọn èèyàn 980 yẹn lọ. Ìgbà tí wọ́n ṣọ́ wọn tó nǹkan bí ọdún mẹ́fà, èèyàn 18 ni rọpárọsẹ̀ ti padà ṣe nínú àwọn tí wọ́n dí tiwọn, 28 nínú àwọn tó lo oògùn. Oṣù kẹwàá ọdún 2016 ni FDA fọwọ́ sí Amplatzer, fún ẹni ọdún 18 sí 60, pẹ̀lú àdéhùn pé dókítà ọpọlọ àti dókítà ọkàn gbọ́dọ̀ jọ yẹ onítọ̀hún wò, kí wọ́n sì rí i pé kò sí nǹkan mìíràn tó fa àìsàn náà.

Àmọ́ ìdánwò tó pa gbogbo ẹnu mọ́, owó oníṣòwò kọ́ ni wọ́n fi ṣe é. Owó ilé-iṣẹ́ ètò ìlera ìjọba Faransé ni. Wọ́n mú kìkì àwọn tí ihò tiwọn tóbi tàbí tí ògiri ibẹ̀ ń fì síwá sẹ́yìn. Nínú èèyàn 238 tí wọ́n dí tiwọn, kò sí ẹyọ ẹnì kan tí rọpárọsẹ̀ padà ṣe ní nǹkan bí ọdún márùn-ún. Nínú 235 tó ń lo oògùn bíi ásípírìn nìkan, ó ṣe èèyàn 14. Ọdún 2017 ni àbájáde yìí jáde, pẹ̀lú ti ilé-iṣẹ́ Gore, níbi tó ti ṣe mẹ́fà nínú 441 tí wọ́n dí tiwọn, tó sì ṣe 12 nínú 223 tó lo oògùn nìkan. Ìjọba tó ná owó láti mọ òótọ́ ti fi owó pamọ́ fún ara rẹ̀, torí òun náà ló máa padà sanwó ìtọ́jú. Kò sí ìdí tí iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ọjà nìkan.

Àwọn kan á sọ pé FDA ló jẹ̀bi, pé láàárín ọdún 2000 sí 2016, àwọn tí ì bá máa rìn lónìí ti di ẹni tí wọ́n ń gbé. Ẹ̀dùn ọkàn ni ọ̀rọ̀ náà, kò sì ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rí tí wọ́n béèrè ló fa ìdádúró yẹn. Ohun tó fà á ni pé wọ́n gbà kí wọ́n máa ta nǹkan náà kí ẹ̀rí tó dé. Ká ní àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò Amẹ́ríkà ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé inú ìdánwò nìkan làwọn ti máa sanwó, èèyàn 980 kò ní gbà tó ọdún mẹ́jọ kí wọ́n tó pé. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbìyànjú irú ẹ̀. NHS kò sanwó rẹ̀ fún gbogbo ayé, àwọn ọsibítù díẹ̀ ni wọ́n yàn kí wọ́n máa ṣe é, kí wọ́n sì máa kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, ìgbà tó di ọdún 2019 ni wọ́n tó wá fọwọ́ sí i fún àwọn tí kò ju nǹkan bí ẹni ọgọ́ta ọdún lọ. Ọmọ Yorùbá tó wà ní Peckham tí ọ̀rọ̀ náà bá kàn, kò ní san kọ́bọ̀ lórí ìdérí náà, ṣùgbọ́n kò sí bó ṣe máa fi bẹ́nu bẹ̀bẹ̀ gbà á tí àwọn dókítà bá ní ihò náà kọ́ ló dá a lẹ́bi.

Lọ́dún 2021, àwọn onímọ̀ kó ìdánwò mẹ́fà pọ̀, gbogbo èèyàn tó wà nínú ẹ̀ sì jẹ́ 3,740. Nínú ẹgbẹ̀rún kan èèyàn tó lo oògùn nìkan, nǹkan bíi 11 ni rọpárọsẹ̀ ń padà ṣe lọ́dún kan. Nínú ẹgbẹ̀rún kan tí wọ́n dí tiwọn, kò ju nǹkan bíi márùn-ún lọ. Tí wọ́n bá wá dí ti ẹgbẹ̀rún kan èèyàn, láàárín ọdún márùn-ún, ó tó ọgbọ̀n ẹni tó máa bọ́ lọ́wọ́ rọpárọsẹ̀ nítorí ẹ̀. Àwọn tó kù, bóyá wọ́n dí i ni o, bóyá wọn kò dí i ni o, ibi kan náà ni wọn ì bá wà. Fún ẹni ọgbọ̀n ọdún tó ní ogójì ọdún lọ́jọ́ iwájú láti fi ṣiṣẹ́, ọgbọ̀n yẹn kì í ṣe nǹkan kékeré, ó tó ohun tí èèyàn ń sanwó fún. Fún bàbá ẹni àádọ́rin ọdún, ìṣirò náà kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Èyí tó tún ṣe pàtàkì jù ni pé èrè náà kò pín kárí. Àwọn tí gbogbo àmì fi hàn pé ihò yẹn gan-an ló ṣe iṣẹ́ ibi náà, dídí i mú nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ewu wọn kúrò. Àwọn tí kò jọ pé ihò náà ló fà á, wọn kò rí èrè kankan jẹ, ewu kí ọkàn máa lù ségesège ni wọ́n rà. Ìwọ̀n kan wà tí àwọn dókítà ń lò, máàkì mẹ́wàá ló jẹ́. Ẹni tí kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru gba máàkì kan, ẹni tí kò ní ìtọ̀ ṣúgà gba ọ̀kan, ẹni tí kì í mu sìgá gba ọ̀kan, ẹni tí rọpárọsẹ̀ kò ṣe rí gba ọ̀kan, ẹni tó jẹ́ pé èèpo òkè ọpọlọ ni ibi tó bà jẹ́ wà gba ọ̀kan, márùn-ún tó kù wà fún ọjọ́ orí, bí èèyàn bá ṣe kéré sí ni wọ́n ń fún un tó. Bí máàkì bá ṣe pọ̀ tó ni ó ṣe ṣeé ṣe tó pé ihò náà ló jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ náà jọ ìgbà tí olè jalè ládùúgbò: tí aládùúgbò bá ní igbákejì tó ti jí adìẹ rí, tí wọ́n wá ń di ẹni tó ń kọjá lọ lásán lẹ́wọ̀n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kan Nàìjíríà nìyẹn, torí ẹ̀jẹ̀ ríru ni olè àdúgbò níbí. Ìwádìí ńlá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólabí ti Yunifásítì Ìbàdàn àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Nàìjíríà àti Gánà, tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2018, wo àwọn tó lé ní 2,000 tí rọpárọsẹ̀ kọ lù, wọ́n sì fi wọ́n wé iye kan náà tí kò ṣe. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣáájú gbogbo ohun tó ń fà á, wọ́n ní ó lé ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ewu náà tó jẹ́ tiẹ̀. Bákan náà, ẹ̀jẹ̀ tó ya nínú ọpọlọ pọ̀ nínú rọpárọsẹ̀ ti ìhà ibí ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ, irú èyí kò sì ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ihò. Wọn ì báà fi símẹ́ǹtì dí i.

Ká ní oníṣòwò aṣọ kan ní Gbági n'Ìbàdàn, ẹni ọdún 42, jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tí apá ọ̀tún rẹ̀ kò gbé nǹkan mọ́. Àwọn ará ilé sáré gbé e lọ, Ọlọ́run bá a ṣe é, apá náà padà díẹ̀díẹ̀. Dókítà kan wo ọkàn rẹ̀, ó ní òun rí ihò kan níbẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́ ju ihò lọ. Àbúrò rẹ̀ tó wà ní London á pe ìyá wọn: “Màámi, bọ̀dá mi kò ní di arọ lójú mi, ẹ jẹ́ ká ta ilẹ̀ Mọ́níyà yẹn ká gbé wọn lọ sí Íńdíà.” Ìyá náà á ní kí wọ́n tà á, kí lèèyàn ń fi ilẹ̀ ṣe tí ọmọ kò bá sí. Ta ló máa dá wọn lẹ́bi? Irú ọsibítù tó lè ṣe iṣẹ́ yìí kò pọ̀ ní Nàìjíríà, ihò inú ọkàn sì jẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń dẹ́rù ba èèyàn ju ẹ̀jẹ̀ ríru lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti di ará ilé, oníkálukú ló ní in, wọ́n ń fi ṣàwàdà.

Kí wọ́n tó pe oníbárà ilẹ̀ wá, nǹkan kan wà tó yẹ kí wọ́n bi dókítà. Kì í ṣe bóyá ihò wà. Èèyàn kan nínú mẹ́rin ló ní in. Tí wọ́n bá kó gbogbo àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù lórí ìlà kan náà ní Gbági wọ ọsibítù, wọ́n máa rí i lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ohun tí wọ́n máa bi í ni pé, ṣé òun náà ló fa èyí? Èló ni ẹ̀jẹ̀ bọ̀dá nígbà tí wọ́n gbé e dé? Èló ló jẹ́ lóṣù kan sẹ́yìn, àbí wọn kò wọ̀n ọ́n rí? Ṣé wọ́n ti ya àwòrán iṣan ọrùn rẹ̀? Ṣé wọ́n ti so ẹ̀rọ mọ́ ọn fún ọjọ́ mélòó kan láti mọ̀ bóyá ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège? Ṣé dókítà ọpọlọ ti rí i, àbí dókítà tó fẹ́ dí ihò náà nìkan ló rí i? Tí ìdáhùn gbogbo èyí bá mọ́, tí kò sí ẹ̀jẹ̀ ríru, tí kò sí ìtọ̀ ṣúgà, tí iṣan rẹ̀ dára, a jẹ́ pé ó yẹ kí wọ́n ta ilẹ̀, kí wọ́n sì tètè tà á. Ẹni bẹ́ẹ̀ wà. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wà, ìwà ìkà ni tí wọ́n bá ní kó máa lọ gba ásípírìn torí pé ó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà.

Tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá sì ga, owó ilẹ̀ yẹn yóò sọnù sínú ihò tí kò ṣe é ní nǹkan kan. Yóò padà dé láti Íńdíà pẹ̀lú ìdérí nínú ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ tó ṣì ga. Kódà ẹni tí wọ́n dí tiẹ̀ tó sì tọ́ kí wọ́n dí i, oògùn kò bọ́ kúrò lọ́rùn rẹ̀. Gbogbo àwọn tí wọ́n dí tiwọn nínú ìdánwò Faransé yẹn ló ń lo ásípírìn tàbí irú rẹ̀ lọ. Ẹni tó ń ta ìdérí kì í tètè sọ ìyẹn. Ásípírìn kò ní ẹni tó ń polówó rẹ̀ lọ títí, èrè tó wà lórí rẹ̀ kò tó owó epo mọ́tò aṣojú ilé-iṣẹ́.

Láti ìgbà tí òfin adójútòfò ìlera tuntun ti Nàìjíríà ti jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, tó ní kí gbogbo èèyàn wà lábẹ́ ètò náà, ọ̀rọ̀ ohun tí wọ́n máa sanwó fún àti ohun tí wọn kò ní sanwó fún ti wà nílẹ̀ fún àjọ NHIA àtàwọn ilé-iṣẹ́ tó ń bá wọn ṣe é. Èyí tó kọ́kọ́ yẹ ni oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lóṣooṣù, lódidi, láì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ aláìsàn, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tajà láàárín ọjà. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n kọ dídí ihò ọkàn sínú ìwé, fún ẹni tí kò tíì pé ẹni ọgọ́ta ọdún, tí dókítà ọpọlọ kan àti dókítà ọkàn kan jọ fọwọ́ sí i pé òun ló fa àìsàn náà, kí dókítà ọpọlọ tó máa fọwọ́ sí i má sì jẹ́ òṣìṣẹ́ ọsibítù tó máa gba owó náà.